Odò Ọya àti Àwọn Tí Ó Ni Ín

Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń ta omi fún wa ní Baruwa, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó. Ọmọlanke ni ó fi ń ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri, a kò sì mọ orúkọ mìíràn fún un ju Mẹ́ruwà lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dá ọmọlanke rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó wo pátákó tí a kọ orúkọ àdúgbò sí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ni ó pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, orúkọ àdúgbò yín yìí ni. Ní èdè Hausa, bí ènìyàn bá ní 'ba ruwa', ohun tí ó wí ni pé kò sí omi."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò sọ pé ibẹ̀ ni orúkọ Baruwa ti ṣẹ̀ wá o. Àpárá ni Mẹ́ruwà ń dá. Ṣùgbọ́n àpárá náà kan wá lára, nítorí pé ó ti lé ní ogún ọdún tí epo bẹntiróò ti jò láti inú ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí ó sì wọ inú kànga wa. Ẹni tí ó bá fa omi nínú irú kànga bẹ́ẹ̀, bí ilé epo ni yóò máa rùn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni èmi tí mo ní kànga nínú ọgbà ìbá máa fi kẹ́ẹ̀gì Mẹ́ruwà ṣe?

Mo wá bi í léèrè ibi tí ó ti wá. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti kà á kún Hausa, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa ní Èkó, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti Òkè Ọya wá ti ń jẹ́ Hausa. Ó ní òun kì í ṣe Hausa. Ó ní láti Yauri ni òun ti wá. Gungawa ni àwọn Hausa ń pe àwọn ènìyàn òun, èyí tí ó túmọ̀ sí ará erékùṣù, ṣùgbọ́n Reshe ni àwọn ń pe ara àwọn. Àárín Odò Ọya gan-an ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀ àgbà. Mo ní, "Erékùṣù wo?" Ó ní kò sí mọ́, ó wà lábẹ́ omi. Ó wá nàka sí gílóòbù iná tí ó ń tàn lẹ́nu ọ̀nà mi lójú ọ̀sán, ó ní, "Nítorí èyí ni."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Ọmọ odò ni ó ń ta omi fún mi, àtùpà ilé mi ni ó sì fi júwe ibi tí ilé bàbá rẹ̀ àgbà wọlẹ̀ sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí tú ìwé wò, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa Odò Ọya tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ a máa bi wá pé, "Ta ni ó rí Odò Ọya?" Gbogbo wa a sì pa ohùn pọ̀ pé, "Mungo Park!" Bí ẹ kò bá tíì dáhùn ìbéèrè yẹn rí, a jẹ́ pé ẹ kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ wa nígbà náà yóò rò pé odò náà fara pamọ́ sínú igbó, tí kò fojú kan ènìyàn títí di oṣù Agẹmọ ọdún 1796 tí ọmọ Scotland náà dé Segu ní ilẹ̀ Mali. Bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé èrò kún etí odò, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn sọdá! Ọba Segu kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó sọdá wá bá òun; owó ẹyọ 5,000 ni ó fi ránṣẹ́ sí i, pé kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ onílé ni a wá kọ́ wa láti máa pè ní ẹni tí ó rí ilé.

Odò tí ó ní orúkọ tó bẹ́ẹ̀ kò lè wà láìní olówó. Àwọn Mandinka ń pè é ní Joliba. Àwọn Songhai ń pè é ní Isa Ber, èyí ni odò ńlá. Kwara ni ti Hausa, Edu ni ti Tápà. Láti orí òkè ilẹ̀ Guinea ni ó ti ṣẹ̀ wá, níbi tí òkun kò jìnnà ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ó kẹ̀yìn sí òkun, ó dojú kọ aṣálẹ̀ títí dé itòsí Timbuktu, kí ó tó yípo padà sí gúúsù. Gbogbo ìrìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4,180 kìlómítà. Àwa Yorùbá ni a pè é ní Ọya, orúkọ ayaba. Nígbà tí Ṣàngó kò sí mọ́, Ọya gba ọ̀nà Irá lọ, ibẹ̀ ni ó ti di odò. Ẹ sì wò ó bí odò yìí ti tóbi tó nínú èrò wa: gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní apá àríwá, odò yìí ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, a ní Òkè Ọya.

Ìtàn wa kò kúrò létí odò náà. Nínú ìwé Samuel Johnson tí ó jáde ní ọdún 1921, a kà pé Ọ̀rányàn dé etí Odò Ọya, àwọn Tápà kò sì jẹ́ kí ó sọdá. Ojú tì í láti padà sí Ifẹ̀. Ọba Ìbàrìbá ni ó gbà á nímọ̀ràn, tí ó so oògùn mọ́ ejò ńlá kan lọ́rùn, tí ó ní kí ó máa tẹ̀lé e títí yóò fi dúró. Ibi tí ejò náà sì dúró sí ni wọ́n tẹ Ọ̀yọ́ dó sí. Nígbà tí àwọn Tápà kó Ọ̀yọ́ ní ayé Aláàfin Onígbògí, ilẹ̀ Ìbàrìbá ni ọba náà sá lọ. Ní Tada, abúlé Tápà létí odò, ère ọkùnrin kan wà tí ó jókòó, bàbà ni wọ́n fi rọ ọ́, ọnà Ifẹ̀ sì ni. Àwọn Tápà ní Tsoede, baba ńlá wọn, ni ó fi ọkọ̀ gbé e wá láti Idah. Ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ará abúlé náà a máa gbé e lọ sí odò, wọn a fi òkúta wẹ́wẹ́ etí odò fọ̀ ọ́, kí àwọn obìnrin wọn lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀. Àwọn onímọ̀ wá ṣàlàyé pé fífọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí ara ère náà jẹ. Èmi kò lè bínú sí wọn: ẹja ni wọ́n ń jẹ, ère kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí òkè díẹ̀, sí Bussa àti Yauri, níbi tí ọ̀rọ̀ Mẹ́ruwà gbé mi lọ. Bussa jẹ́ ìlú àgbà ní ilẹ̀ Borgu. Wọ́n ní akọni kan tí ń jẹ́ Kisra ni ó ti ìlà-oòrùn wá, tí ìran rẹ̀ dá Bussa, Nikki àti Illo sílẹ̀. Bí ó sì tilẹ̀ jẹ́ pé Nikki lágbára, Bussa ni wọ́n kà sí ẹ̀gbọ́n. Lẹ́bàá ìlú yìí ni Odò Ọya ti há láàárín àpáta, tí omi ń sáré, tí ó ń ru, tí ó ń hó. Ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò bá mọ ojú ọ̀nà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Àpáta wọ̀nyí ni ó sọ ará Bussa di ẹni tí àlejò kò lè ṣàìkí.

Bí a bá kúrò níbi àpáta lọ sí apá Yauri, odò náà á fẹ̀, á sì lanu gba erékùṣù lọ́pọ̀lọpọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn Reshe wà. Ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́ ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ẹ̀ẹ̀mejì ni odò kan ṣoṣo yìí ń kún lọ́dún kan. Ìkún àkọ́kọ́ a máa dé ní nǹkan bí oṣù Ògún sí Ọ̀wàrà. Omi òjò àyíká ni, ó ru, ó gbé ẹrẹ̀, nítorí náà wọ́n ń pè é ní omi funfun. Ìkún kejì a dé nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí òjò kankan kò rọ̀, tí gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ. Omi òjò tí ó ti rọ̀ ní Guinea láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni. Ó ti tàn ká orí àbàtà ńlá ilẹ̀ Mali, ó ti sọ gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó wá dé Yauri ní mímọ́ gaara, èyí sì ni wọ́n ń pè ní omi dúdú. Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ yóò rò pé iṣẹ́ àjẹ́ ni kí odò máa kún nínú ọ̀gbẹlẹ̀.

Lórí ìkún méjèèjì yìí ni gbogbo ayé wọn dúró lé. Bí omi bá ti ń fà, àwọn Reshe á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, wọ́n á máa gbin àlùbọ́sà sínú ẹrẹ̀ tútù tí ó fi sílẹ̀. Àlùbọ́sà Yauri gbajúmọ̀ nítorí èyí. Bí omi bá ń padà bọ̀, wọ́n á kó irè oko, wọ́n á gbé àwọ̀n. Wọ́n ń hun ẹní pẹ̀lú. Àwọn Sorko tí wọ́n jẹ́ ìbátan Songhai ni ọ̀gá apẹja. Ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ń dọdẹ erinmi àti ẹranko ńlá inú omi tí àwọn Hausa ń pè ní ayú. Àwọn Kambari wà lórí ilẹ̀, wọ́n ń gbin ọkà bàbà. Fúlàní a da màlúù lọ sí erékùṣù Foge nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé koríko kì í tán níbẹ̀. Ẹlẹ́ja a ta ẹja fún ọlọ́kà, ọlọ́kà a ta ọkà fún ẹlẹ́ja. Wọ́n kò pẹ́ ní ibẹ̀ lánàá o. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wa ilẹ̀ kan nítòsí Yelwa ní ọdún díẹ̀ kí omi tó bò ó, wọ́n rí ère amọ̀, irin àti ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gbé ibẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 100 sí 700 lẹ́yìn ikú Olúwa wa.

Sí àárín irú àwọn ènìyàn báyìí ni Mungo Park wà ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ ní ọdún 1806. Ìrìn-àjò rẹ̀ kejì ni. Kò fẹ́ dúró kí ẹnikẹ́ni mọ́, ìbọn ni ó fi ń dá àwọn tí ó bá wa ọkọ̀ sún mọ́ ọn lóhùn. Ní ibi àpáta Bussa ni ìrìn náà parí sí. Òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá a rìn kú síbẹ̀. Nígbà tí Clapperton dé Bussa ní ọdún 1826, wọ́n sọ fún un pé àwọn ará ìlú rò pé iwájú ogun Fúlàní ni ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ogun jìháàdì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1804 lóòótọ́. Ìbẹ̀rù wọn kò ṣàìnídìí. Àwọn ọmọ ìyá méjì, Richard àti John Lander, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1830, wọ́n gba Ọ̀yọ́ kọjá dé Bussa. Àwọn kí ọba. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀, ọba sì bá wọn wá ọkọ̀. Odò náà ni wọ́n tọ̀ títí tí wọ́n fi dé ìpẹ̀kun rẹ̀, tí ayé fi mọ ibi tí ó ti ń wọ òkun. Òpó ìrántí kan wà ní Jẹ́bà fún Park àti Richard Lander. N kò ní kí wọ́n wó o. Ìgboyà wọn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá wọn lọ́kọ̀ ńkọ́?

Lẹ́yìn èyí, àwọn aláṣẹ dé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Okúdù ọdún 1898, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí ó la Borgu sí méjì: Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bussa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n wà ní Nàìjíríà, àbúrò wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí.

Ìjọba tiwa ni ó wá ṣe èyí tí ó tóbi jù. Títí di ìgbà náà, èédú tí wọ́n ń kó láti Enugu ni wọ́n ń dáná sí ní Ìjọ́rà kí Èkó tó rí iná. Orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira fẹ́ iná tí ó pọ̀, tí kò sì wọ́n. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1962 fún dáàmù Odò Ọya, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kainji ní ọdún 1964, wọ́n sé odò náà ní ọdún 1968, Ọ̀gágun Gowon sì ṣí i ní oṣù Èrèlé ọdún 1969. Ẹ rántí pé ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní ọdún wọ̀nyí; ojú gbogbo Nàìjíríà wà ní ìlà-oòrùn, etí sì kún fún ìró ìbọn. Ní àkókò náà ni omi ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ ní Bussa.

Adágún tí ó dúró lẹ́yìn ògiri náà gùn tó nǹkan bí 136 kìlómítà, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 1,250 kìlómítà níbùú lóròó. Nǹkan bí ènìyàn 44,000 ni ó kó kúrò ní ìletò tí ó lé ní 200. Bussa lọ, erékùṣù Foge lọ, apá kan Yelwa lọ, erékùṣù bàbá Mẹ́ruwà àgbà lọ. Àpáta tí ó gbá ọkọ̀ Mungo Park náà lọ. Wọ́n kọ́ Bussa tuntun sí nǹkan bí 40 kìlómítà sí ti àtijọ́, ọba sì kó lọ síbẹ̀. A kò lè sọ pé ìjọba lé wọn sínú ìgbẹ́ lásán, nítorí wọ́n kọ́ ilé fún wọn. Ṣùgbọ́n ilé kọ́ ni wọ́n ń jẹ. Ènìyàn lè kọ́ ilé mìíràn fún mi; ta ni yóò kọ́ omi dúdú mìíràn tí yóò máa dé nínú ọyẹ́?

Nítorí pé ìkún méjèèjì ni dáàmù gbà sọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ìgbà tí omi yóò fà àti ìgbà tí yóò padà bọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Lóòótọ́, ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, ẹja pọ̀ nínú adágún náà gan-an, apẹja sì ń wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ó dínkù. Nísàlẹ̀ dáàmù, láti Jẹ́bà lọ sí Lọ́kọ́ja, omi kò dé orí àkùrọ̀ àwọn Tápà bí ó ti ń dé tẹ́lẹ̀, ìrẹsì àti ẹja wọn sì fara gbá a. Nígbà tí omi bá wá pọ̀ jù lẹ́yìn ògiri, tí wọ́n ní láti tú u sílẹ̀, á ya wọ ilé àwọn kan náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní ọdún 1999. Ọwọ́ kan ń gbà, ọwọ́ kejì ń dà á lé wọn lórí.

N kò sọ pé kí wọ́n má ṣe kọ́ dáàmù. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó di mẹ́jọ, agbára gbogbo wọn sì jẹ́ 760 mẹ́gáwáàtì. Iná yìí ni ọ̀pọ̀ nínú yín fi kàwé, tí ilé-iṣẹ́ fi ṣiṣẹ́, tí dókítà fi ṣe iṣẹ́ abẹ. Èmi náà ń tàn án. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a pa àwọn ènìyàn yìí rẹ́. A kọ́kọ́ pa wọ́n rẹ́ nínú ìwé, tí Bussa kò fi jẹ́ nǹkan kan lójú wa ju ibi tí òyìnbó kú sí. Lẹ́yìn náà omi bò wọ́n, a sì ń pe ibẹ̀ ní Kainji, orúkọ tí ń rán wa létí owó iná lásán.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọdún. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí wọ́n sé odò náà ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti wa ọkọ̀ gba àárín àpáta Bussa. Ó mọ orúkọ erékùṣù kọ̀ọ̀kan, ó mọ ọjọ́ tí omi dúdú máa ń dé àti ohun tí àwọn àgbà fi ń kí i káàbọ̀. Ẹgbẹ́ wa yìí ti rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba ìtàn ní ìlú Yorùbá púpọ̀. Kí ni ó dé tí a kò lè rán méjì tàbí mẹ́ta lọ sí Bussa tuntun àti Yelwa, nígbà tí ilẹ̀ Ìbàrìbá ti gba Aláàfin wa lálejò rí? Àwọn kan yóò ní ìtàn Yorùbá kọ́ nìyẹn. Èmi yóò bi wọ́n pé, ta ni a fi sọ Òkè Ọya lórúkọ?

Mo padà bá Mẹ́ruwà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí mo ti ka ìwé wọ̀nyí tán. Mo sọ iye kìlómítà fún un, mo sọ iye ènìyàn, mo sọ ọdún. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù bí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ó ní òun bá bàbá òun pẹja lórí adágún náà nígbà tí òun wà ní kékeré. Ibì kan wà lójú agbami tí kò yàtọ̀ sí ibòmíràn, kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, bàbá òun á gbé àjẹ̀ sókè kúrò nínú omi, á jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò lọ fúnra rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òun kò bi í rí pé kí ni ìdí rẹ̀. Ìgbà tí òun dàgbà ni òun mọ̀ pé orí òrùlé ilé àwọn ni àwọn ń kọjá.

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà sílẹ̀ fún mi. Mo san owó rẹ̀, ó sì ti ọmọlanke lọ.